Ìwé Tí Ìjọba Ní Ká Fi Pamọ́

Òórùn ìwé fáàsì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bó bá ṣe ń gbóná jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, á máa rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó, òórùn náà á sì dà pọ̀ mọ́ ti yíǹkì òǹtẹ̀ àti ti bẹntiróòlù tó ń wá láti ara jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà, lójú ọ̀nà tó bọ́ sí ọjà Odò-Ọ̀rì ní Ìwó, àwọn èèyàn sì ń pè é ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Láìnì tẹlifóònù kan, ẹ̀rọ fáàsì kan tó ń fi ìwé ránṣẹ́ gba orí láìnì náà, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan tí ìwé máa ń há sí nínú nígbà ọyẹ́, bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tó ń dúró, àti èmi nídìí tábìlì. Mo ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà náà, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ tíṣà kò sì tíì yọjú. O mọ bí ayé ṣe rí láwọn ọdún yẹn. Sójà ló ń ṣèjọba, ilé tó ní tẹlifóònù nílùú kò pọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Kánò tàbí ní Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Wọ́n ń ti Kuta wá, wọ́n ń ti Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó wá, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹnì kan bá wọn kọ sórí bébà pelebe tí wọ́n sì dì sétí ìró.

Ọ̀gá mi ló ni ibẹ̀. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í fa ìlà sórí ìwé láìlo rúlà, tí kì í sì í jẹ́ kí ìrun kan ré òun kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló kan yàrá kékeré onípákó tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Ó gé tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó fi tẹ́ ara ògiri rẹ̀ yí ká kí ohùn má baà jáde. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí oníbàárà bá ti wọlé tó ti ilẹ̀kùn, Bàbá á nawọ́ sí rédíò, á yí i sókè díẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kì í sú u láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀," ó ní, "mi ò sì gbọ́ nǹkan kan."

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìwé náà dé. Ọkùnrin kan ló gbé e wá lórí ọkadà láti Òṣogbo. Ó ní kí Bàbá fọwọ́ sí i pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì yí ọkadà rẹ̀ padà láìjókòó. Ojú ewé méjì ni. Ó ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ta ìpè fún aráàlú gbọ́dọ̀ ní rẹ́jísítà, kí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má ya ọ̀kan nínú rẹ̀. Ká máa kọ orúkọ ẹni tó wá pè, ilé rẹ̀, nọ́ńbà tó pè, ohun tí ẹni tí wọ́n pè jẹ́ sí i, iye ìṣẹ́jú tó lò, àti kókó ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ká máa ṣe ẹ̀dà gbogbo fáàsì, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Ká tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún méjì, kó sì wà ní sẹpẹ́ nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ aláṣẹ kan bá bèèrè fún un. Ibi tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò gé láìnì rẹ̀. Kò sọ ẹni tí yóò ra rẹ́jísítà, kò sọ ẹni tí yóò máa kọ ọ́, kò sì sọ ibi tí a óò kó o sí.

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní ká máa kó sínú àká," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kì í ṣe àgbàdo." Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó jẹ́ ní gbogbo ayé rẹ̀. Bí àṣẹ bá ti ní òǹtẹ̀ lára, yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ra rẹ́jísítà, ó ti fa ìlà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé.

Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn sí rẹ́jísítà náà níbẹ̀rẹ̀. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí mo ti ń wo aago ka ìṣẹ́jú lásán, ó wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ gidi ni mo ń ṣe. Àmọ́ àwọn oníbàárà wa kò mọ ohun tí wọn yóò fi òpó ìkẹyìn ṣe, èyí tó ń bèèrè kókó ọ̀rọ̀. Màmá àgbàlagbà kan wá láti Kuta láti pe ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Màmá, kí lọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ bá wọn sọ?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé mo tíì mọ̀ ni? Ṣebí tó bá gbé e ni màá mọ̀." Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ fẹnu sọ tiẹ̀ kí n tó kọ ọ́, bẹ́ǹṣì sì wà nítòsí. Ọkùnrin kan ní láti sọ lójú gbogbo èèyàn pé oyún ìyàwó òun ló wálẹ̀, òun fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gbójú sílẹ̀, ọkùnrin náà sì ń fi ìka fá ẹ̀gbẹ́ tábìlì títí mo fi kọ ọ́ tán. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ìkíni." Ìkíni lókè, ìkíni nísàlẹ̀. Ẹnì kan á jáde nínú yàrá onípákó náà tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ìwé mi á sì sọ pé ó lọ kíni.

Bàbá ni ìnira náà pọ̀ jù fún. Lẹ́tà ara ìwé fáàsì kì í pẹ́ ṣá. Ooru Ìwó á jẹ ẹ́, láàárín oṣù díẹ̀ ìwé á di funfun bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí i rí. Nítorí náà a ní láti ṣe fótókọ́pì ìkọ̀ọ̀kan, ká wá to fótókọ́pì náà bí ọjọ́ ṣe tò. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí èrò bá dín kù, Bàbá á jókòó sórí àpótí, á máa tò wọ́n. Ikán wọ inú páálí àkọ́kọ́ tí a kó wọn sí láti ara ògiri, ló bá lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó fi àgádágodo méjì sí i, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò. Inú ibẹ̀ náà ni rẹ́jísítà ń sùn lálaalẹ́. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe é. Gbogbo ìwé tó bá mú, á kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó tó lù ú ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ láti má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀, wọ́n wá ní kó di olùṣọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá, ìjọba kò wá wo ìwé rẹ̀. Àwọn mìíràn ló wá. Onílé kan fẹ́ mọ̀ bóyá ayálégbé òun ń wá ilé sí Òṣogbo. Ìyá ọkọ kan fẹ́ mọ iye ìgbà tí ìyàwó ọmọ òun ń pe ilé bàbá rẹ̀ lóṣù. Kò sí ẹni tó kéde rẹ́jísítà náà fún wọn, àmọ́ ibi tí ṣúgà bá wà, èèrà kì í bèèrè ọ̀nà. Bàbá á ní, "Ìjọba ló ni ín, èmi kàn ń ṣọ́ ọ ni," á sì fún wọn ní omi tútù mu kí wọ́n má baà bínú lọ.

Obìnrin kan wà nínú àwọn oníbàárà wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú. Àǹtí ni mo ń pè é. Ó jù mí lọ ní bí ọdún márùn-ún, ó ti bí ọmọkùnrin méjì, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo, tó ń wakọ̀ lọ láàárọ̀ tó sì ń wakọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Tọ́sìdeè kan sí òmíràn ló ń wá, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, tó sì ń pe nọ́ńbà kan ní Ìlọrin. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bi í pé kí ni ẹni náà jẹ́ sí i, ó wo bẹ́ǹṣì, ó ní, "Kọ ọ̀rẹ́." Mo kọ ọ̀rẹ́. Àwa méjèèjì wá mọra. Òun ló bá mi tún lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi kọ, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ilé-ìwé nínú lẹ́tà láì bẹ̀bẹ̀ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń lu páànù ṣọ́ọ̀bù gidigidi, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì, tí Bàbá sì ti lọ sí mọ́sáláṣí, ó jáde nínú yàrá onípákó, ó fìdí lé àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ó yege," ó ní. "Ó ti wọlé sí ṣẹ́kọ́ńdìrì."

"Ta ni, Àǹtí?"

"Ọmọ mi."

Ó sọ ọ́ fún mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun nígbà tí òun bí i, ẹni tó fún òun lóyún sá lọ, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ìlọrin ló gba ọmọ náà tọ́. Màmá ni ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Òun tó bí i, Àǹtí ló ń pè é. Ó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọdún tó ń gorí ọdún ló ń mú kó le sí i. "Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún ní Ìwó," ó ní, ó fi etí gèlè nu ojú rẹ̀, ó sì bọ́ sínú òjò.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tó lọ, mo ti rò ó ju ohunkóhun mìíràn tí mo ṣe láyé lọ. Mo ṣí rẹ́jísítà sí ìlà tirẹ̀ ti ọjọ́ náà. Mo fi rúlà fa ìlà gba orí "ọ̀rẹ́" kọjá bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo sì kọ "ọmọ" sókè rẹ̀. Kò sí ibi kankan lọ́kàn mi. Orí mi wú nítorí ọmọ tó yege náà, ó sì dùn mí pé nínú gbogbo ìwé ayé kò sí ọ̀kan tó sọ pé ìyá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Mo rò pé mo bu ọlá fún un ni. Mo tún rò pé ìwé ìjọba, òtítọ́ ló ń fẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọkùnrin kan nínú aṣọ kákí fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, kí a tó gbé rẹ́jísítà jáde. Ó dárúkọ Àǹtí, ó ní òun fẹ́ wo gbogbo ibi tí orúkọ náà bá wà nínú rẹ́jísítà. Bàbá wo ojú ọ̀nà kọjá èjìká rẹ̀. Èmi náà wò ó. Mọ́tò ọkọ Àǹtí ló wà lábẹ́ igi odán ní òdì kejì, wọ́n gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, a sì rí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ti gbọ́ pé ìyàwó òun ń pe Ìlọrin, ó ti rò pé ọkùnrin ni, ó sì ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ kákí.

"Ọ̀gá, ṣé ìwé wà lọ́wọ́ yín?" Bàbá ní.

"Aṣọ ọrùn mi ni ìwé, Bàbá."

"Kọ́kọ́rọ́ wà nílé," ni Bàbá wí. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nídìí ṣòkòtò rẹ̀ níbi tó dúró sí. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Aláṣọ kákí rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Tí mi ò bá rí i, ẹ dágbére fún láìnì yín."

Nígbà tó lọ, Bàbá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé rẹ́jísítà jáde. Ó ń fi ìka tọ ìlà lẹ́yìn ìlà: ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́. Mo rí i pé ara ti ń tù ú. Lẹ́yìn náà ìka rẹ̀ dúró.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Òun ló ní kó o kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó, ó gbé ìwé náà lé itan. Mo ní ká ya ojú ewé náà. Ó ní ojú ewé ní nọ́ńbà, àti pé bí wọ́n bá rí i pé ọ̀kan ti dín, wọn yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ, tirẹ̀ àti ti gbogbo ìlú, wọn yóò sì wá bi obìnrin náà pé kí ló ń fi pamọ́. "Lọ bá a nílé-ìwé," ó ní níkẹyìn. "Nísinsìnyí. Bí ọkọ rẹ̀ bá máa gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ni kó ti gbọ́ ọ."

Ìgbà ìsinmi ni mo débẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré kiri nínú ọgbà. Ó jókòó nínú kíláàsì, ó ń máàkì ìwé. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé ọmọ kan.

"Ọ̀rẹ́ ni mo ní kó o kọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá dé?"

Ó wojú fèrèsé. "Dìde," ó ní, "àwọn ọmọ ń wò wá." Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀, mo sọ fún un, ó mi orí. Agogo lù. Bí mo ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka ìsọdipúpọ̀ fún àwọn ọmọ náà, wọ́n ń gbè é tẹ̀ lé e, ohùn náà kò sì gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó gbálẹ̀ tán, ọkọ rẹ̀ dé, òun nìkan. Kò lọ sí ibi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan sì wà nínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí ilẹ̀ tó ṣì tutù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ó sọ ọ́ fún mi lánàá. Ẹ má fi ìwé náà han ọ̀rẹ́ mi mọ́."

Bàbá fà á dìde. "Ìwọ lo lọ pè é, ọmọ mi. Ṣé o lè dá a dúró?"

Ó ti gbìyànjú. Ó ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù, onítọ̀hún sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀rẹ́, iṣẹ́ ni òun ń ṣe báyìí. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, àwọn oníbàárà sì ń wọlé, wọ́n ń jókòó tì í láìmọ ohun tó ṣe é. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni àánú rẹ̀ ṣe mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Aláṣọ kákí dé lẹ́yìn Àìlà bó ṣe wí. Bàbá gbé ìwé síwájú rẹ̀ nítorí pé àṣẹ ní kó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ń fi itọ́ rin ìka, ó ń ṣí i, títí tó fi dé ibẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ọkùnrin o!" ó pariwo. "Ọmọ ni! Ìyàwó ẹ ti bímọ sí Ìlọrin kó o tó fẹ́ ẹ!" Èèyàn márùn-ún ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ Àǹtí dìde, ó wo ilẹ̀, ó sì jáde. Kò tilẹ̀ tíì tẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ń ṣí ìwé náà lọ, ó wá ń ka ti àwọn mìíràn sókè bí ẹni tó rí ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́, ti ẹni tó ń wá oògùn àìsàn ìtìjú, ti ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò ka orúkọ, ó kàn ń ka ilé. Ní Ìwó, ilé nìkan náà tó. Ọkùnrin káfíńtà kan lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ilé tirẹ̀. Ó rọra gbé fìlà rẹ̀, ó lọ láìpe ẹni tó wá pè.

"Ọ̀gá," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sínú."

Ọkùnrin náà wò ó, ó pa ìwé dé, ó lọ. Kò padà wá mọ́ láéláé, kò sì sí ẹlòmíràn tó wá ní orúkọ ìjọba. Àmọ́ kí àwọn èèyàn tó kí ìrun Alásárì, ọ̀rọ̀ náà ti wà ní Odò-Ọ̀rì.

Bàbá kò lé mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó gbé tábìlì kékeré kan sínú yàrá onípákó, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, inú ibẹ̀ ni rẹ́jísítà yóò máa wà, kí ẹni tó mọ̀wé máa kọ tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ẹni tí kò mọ̀wé, Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá a kọ ọ́. Ó wá kọjú sí mi. "Níbikíbi tó o bá ti ń kọ̀wé, ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ. Ohun tó o bá mọ̀, jẹ́ kó wà níkùn rẹ." Mo sunkún délé.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Àǹtí kò lọ sílé-ìwé. Mo gbọ́ oríṣiríṣi: pé ó ti kó ẹrù, pé ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án gangan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mọ́tò wọn yọ láti ọ̀nà òkè. Ọ̀nà ẹ̀yìn wà tí wọ́n ì bá gbà. Ojú ọjà ni ọkùnrin náà wà á gbà, jẹ́jẹ́, Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ga lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọkùnrin méjì, àpótí ilé-ìwé lórí itan rẹ̀. Ó dúró níwájú ìyá kan tó ń ta ọsàn, ó ra ọsàn, ìyá náà sì bi í pé ta nìyí. "Ọmọ wa ni," ó ní, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ fún ọ pé gbogbo nǹkan dùn lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbọ́ pé ó lé lóṣù kan tí kò fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àmọ́ ọmọ náà lọ sí ṣẹ́kọ́ńdìrì láti ilé rẹ̀.

Bàbá kò pa òfin náà tì lọ́jọ́ kan. Nígbà tó pé ọdún méjì géérégé tí rẹ́jísítà àkọ́kọ́ ti kún, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti rí iṣẹ́ tíṣà nígbà yẹn, mo sì lọ kí n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti dáná sínú garawa onírin lẹ́yìnkùlé. "Ọdún méjì ni wọ́n sọ," ó ní. "Ó pé lónìí. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ kan." Ó ń ya ojú ewé ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń dojú wọn délẹ̀ kó tó nà wọ́n sí mi, èmi sì ń jù wọ́n sínú iná. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà lára púpọ̀ nínú rẹ̀. A kò ka ìkankan. Ó fi igi tú eérú náà dáadáa, ó bu omi sí i, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ilé-ìwé tí wọ́n gbé mi lọ, ibẹ̀ ni Àǹtí wà. O lè rò bó ṣe rí lára mi. Ó lé lọ́dún kan tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ tó sì ń kọjá bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Ọjọ́ kan tó ku àwa méjì nínú yàrá àwọn tíṣà, mo fi ìgboyà sọ ohun tí mo ti ń fi tu ara mi nínú: pé bóyá Ọlọ́run ló lo ìwé náà, nítorí ọmọ ti wálé. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Má rò pé ìwé ẹ ló mú un wálé o," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún bàbá wọn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi ni mo jókòó gba gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ìwé ẹ kàn tẹ́ mi sọ́jà ni." Ó mú bírò rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ẹ̀pà wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Bù jẹ níbẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dáhùn ìkíni mi.

Ó pẹ́ kí n tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán, nítorí ó gba ìtùnú mi lọ́wọ́ mi. Mo ti ń bínú sí àwọn tó kọ àṣẹ náà, mo ti ń bínú sí aláṣọ kákí, ẹ̀bi wọn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n di ẹrù tí wọn kò lè rù fún arúgbó kan, wọn kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó. Àmọ́ kò sí sójà kankan nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí lónìí. Fáìlì àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi: ta ni bàbá rẹ̀, ta ló ń san owó ilé-ìwé rẹ̀, kí ló fà á tí kò fi wá lóṣù tó kọjá. Àwọn òbí máa ń sọ púpọ̀ fún mi, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú omijé. Màá gbọ́ wọn tán. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, màá dúró díẹ̀, màá bi ara mi pé ta ni yóò ka èyí lẹ́yìn mi, ní ọjọ́ tí mi ò ní sí níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ìgbà púpọ̀ ni mo máa ń pa fáìlì náà dé láìkọ nǹkan kan.